Ẹ̀wà tó ń lọ òkè òkun, ẹ̀wà tó ń lọ Boundary

Ní Ajegunle, tó o bá sọ pé Apapa lo ti ń ṣiṣẹ́, ohun méjì ló máa wá sọ́kàn àwọn èèyàn. Bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù ni ẹ́, bóyá o máa ń bá wọn gba kọ̀ńténà jáde. Àwọn ará àdúgbò mi ti bẹ̀ mí títí pé kí n bá wọn wá ojú rere fún mọ́tò tókúnbọ̀ tó há sí wọ́ọ̀fù. Mi ò mọ ẹnì kankan ní wọ́ọ̀fù o. Iṣẹ́ tèmi ni pé mò ń wọn nǹkan tí ojú ò lè rí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀wà tí gbogbo wa ń jẹ, ó sì ti kan mọ́mì mi. Ó máa gùn díẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Láàbù aládàáni kan ni, kò jìnnà sí Wharf Road. Àwọn tó ń kó oúnjẹ lọ sí òkè òkun ló ń gbé sáńpù wá fún wa: yànmọ̀tí, atalẹ̀, ìsápá tí ẹ fi ń ṣe sóbò, àti ẹ̀wà. Kí ọjà tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó fẹ́ rà á lọ́hùn-ún á fẹ́ rí ìwé tó sọ pé oògùn kòkòrò inú rẹ̀ kò ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Mo máa ń lọ sáńpù, mo máa ń pò ó, mo máa ń tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, mo máa ń ka ohun tí ẹ̀rọ bá sọ.

Ṣé ẹ rántí ọdún 2015? Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni àjọ EU sọ pé àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́. Dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Dichlorvos yìí ni oògùn tó wà nínú Sniper, òun náà ló sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń kiri tà nínú ike kéékèèké. Ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 mílígíráàmù nínú kílò kan títí dé 4.6. Iye tí wọ́n lè gbà kò ju 0.01 lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọdún kan. Nígbà tó di 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Nígbà tí 2019 pé, wọ́n tún sún un síwájú.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ọjà wo 0.01 yẹn. Ó túmọ̀ sí mílígíráàmù mẹ́wàá nínú tọ́ọ̀nù kan. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ àpò ẹ̀wà mẹ́wàá, àpò ọlọ́gọ́rùn-ún kílò. Hóró ìrẹsì kan ṣoṣo wúwo tó nǹkan bí ogún mílígíráàmù. Nítorí náà, ẹ mú hóró ìrẹsì kan, ẹ gé e sí méjì, ẹ lọ ìdajì rẹ̀ kúnná, ẹ pò ó mọ́ àpò ẹ̀wà mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n ní ká máa wá nìyẹn. Ẹ̀rọ wa sì ń rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣírò rẹ̀, mo ní irọ́ ni.

Mass spectrometer ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Òṣùwọ̀n ni, àmọ́ mólékù ló ń wọ̀n, ìyẹn èérún tó kéré jù tí nǹkan lè ní tí á ṣì máa jẹ́ nǹkan náà. Òṣùwọ̀n yìí lágídí o. Kì í wọn ohun tó bá jókòó. Ohun tó bá ń fò nìkan ló ń wọ̀n, ohun tó ń fò náà sì gbọ́dọ̀ ru iná mànàmáná díẹ̀ sára kí ẹ̀rọ tó lè rí ibi dì í mú. Mólékù tó bá ru iná báyìí la ń pè ní ion. Inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣófo, pọ́ǹpù ti fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde, torí tí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, ion á kàn máa forí sọ afẹ́fẹ́ ni, kò ní dé ibi tó ń lọ.

Láyé àtijọ́, inú òfìfo yẹn náà ni wọ́n ti máa ń fún mólékù ní iná. Wọ́n á kọ́kọ́ mú un gbóná títí á fi di oru, wọ́n á wá fi iná lù ú. Ohun tó bá lè di oru láìbàjẹ́, kò síṣòro. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oògùn, àti ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ara èèyàn, tí ẹ bá ní kó di oru, jíjó ló máa jó. Ẹ fọ́ ẹyin sínú páànù gbígbẹ kí ẹ ní kó di oru. Ẹ máa rí ohun tó máa ṣe fún yín.

Ọ̀nà tí wọ́n wá gbé e gbà ni pé kí mólékù gba iná níta, nínú afẹ́fẹ́ kan náà tí èmi àti ẹ̀yin ń mí, láti inú omi, kó tó wọnú òfìfo. Malcolm Dole gbìyànjú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968. Lẹ́yìn ìyẹn, Evan Horning àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston gba ọ̀nà míì: abẹ́rẹ́ kan ń ta iná sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba iná náà, àwọn ló wá tì í sọ́wọ́ mólékù sáńpù. Àmọ́ èyí tó wà ní láàbù wa ni ti John Fenn, ọ̀gá ní Yale, electrospray ni wọ́n ń pè é. 1917 ni wọ́n bí Fenn. 1984 ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí electrospray jáde, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. 2002 ni wọ́n fún òun àti Koichi Tanaka ará Japan pẹ̀lú Kurt Wüthrich ní ẹ̀bùn Nobel, bàbá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀, ó fi iṣẹ́ náà wé pé èèyàn fún erin ní ìyẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún lórí fóònù pé ẹ ti pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan láyé, ẹ rọra jàre.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Abẹ́rẹ́ kan wà tó tín-ín-rín. Omi tí a po sáńpù sí ń gba inú rẹ̀ kọjá. A wá fi iná tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún fóòtì sí i. (Iná ilé yín, lọ́jọ́ tí inú NEPA bá dùn, kò ju 230 lọ.) Omi ẹnu abẹ́rẹ́ á ṣọnṣo, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n bíi kùrukùru. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ru irú iná kan náà, ẹ sì mọ̀ pé iná tó bá jọra kì í fẹ́ rí ara wọn. A ń fẹ́ náítírójìn gbígbóná sí wọn, omi ara wọn ń gbẹ, ẹ̀kán ń kéré sí i.

Ẹ fojú inú wo danfo Mile 2 tó kún fọ́fọ́, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ sì ń bínú síra wọn. Mọ́tò wá bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ẹnì kankan ò bọ́ sílẹ̀. Ibì kan á dé tí mọ́tò á bẹ́, á di danfo kéékèèké, àwọn náà á tún súnkì, wọ́n á tún bẹ́. Níkẹyìn mọ́tò á tán, á ku èrò nìkan lójú títì, pẹ̀lú ìbínú rẹ̀ lọ́wọ́. Èrò yẹn ni mólékù wa, ìbínú ọwọ́ rẹ̀ ni iná tó rù. Ara rẹ̀ kò ya, kò jóná. Ihò kékeré kan wà níwájú rẹ̀, òfìfo wà lẹ́yìn ihò náà, ó fà á wọlé. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Dichlorvos, tó bá ti ru iná tirẹ̀, 221 ló ń wọ̀n. Ẹ̀rọ á ṣa 221 nìkan, á lé gbogbo ìyókù, á fi gáàsì fọ́ ọ, á wá wò bóyá èyí tó ń wọn 109 bọ́ lára rẹ̀. Tí 221 bá wọlé tí 109 sì jáde, ní àsìkò tó yẹ kó jáde gan-an, àfi kí onísáńpù wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo ti mọ 221 bí mo ṣe mọ nọ́ńbà fóònù mọ́mì mi.

Wàhálà tiwa ni iná. Pọ́ǹpù yẹn ò gbọ́dọ̀ dúró, ọ̀sán àti òru. Tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò sì gbé e, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, ó sì lè di ọjọ́ kejì kí ẹ̀rọ tó padà ṣeé lò. Mo ti sùn sí láàbù rí torí pé dísù ń tán lọ, tírélà sì ti dí gbogbo ọ̀nà. Fenn ò mọ irú èyí.

Ó yá, mọ́mì mi.

Ẹ̀wà ni mọ́mì ń tà ní ọjà Boundary, níbi tí Apapa ti parí tí Ajegunle ti bẹ̀rẹ̀. (Ajé gúnlẹ̀ la ń jẹ́ o. Ibi tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ni Apapa. Ohun tó bá kù ló ń dé ọ̀dọ̀ wa.) Olóyin àti drum ló máa ń tà, ó ń fi kóńgò wọ̀n, ó ń fi dẹ́ríkà wọ̀n fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó. Láti ibi ìsọ̀ rẹ̀, ọ̀kadà ò ní lo ìṣẹ́jú ogún dé láàbù wa tí tírélà bá gbà á láàyè.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣa ẹ̀wà, ó ní: "Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ẹ̀wà tó ń lọ sọ́dọ̀ òyìnbó nìkan ló ń yẹ̀ wò?"

Mo ní: "Ẹ̀wà ẹni tó bá sanwó ni, mà."

Ó ní: "Tiwa ńkọ́?"

Ẹ ṣáà gbọ́. Owó tí wọ́n ń gbà lórí sáńpù kan ju èrè tí mọ́mì ń rí lórí odindi àpò kan lọ. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹnì kankan tó wá bu ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mọ́mì ní ẹ̀rọ tirẹ̀ o. Kòkòrò ni. Ó gbà pé ẹ̀wà tí kòkòrò bá ń jẹ, èèyàn náà lè jẹ ẹ́. Èyí tí kòkòrò bá sá fún ni kó o bẹ̀rù. Láàbù ò lè bá a jiyàn púpọ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ oníbàárà ńkọ́? Oníbàárà á wá, á fọwọ́ ro ẹ̀wà, á rí ihò lára hóró méjì mẹ́ta, á pòṣé, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ̀wà tirẹ̀ ń dán. Tèmi tìrẹ ni oníbàárà yẹn. Ìdí tí Sniper fi ń wọ inú àpò nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnì kan jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ pa èèyàn. Kòkòrò lè sọ odindi àpò di ìyẹ̀fun láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tó yáwó ra ẹ̀wà ò sì ní dúró wò ó. NAFDAC ti kìlọ̀ títí pé kí wọ́n má fi Sniper sí oúnjẹ, ní 2019 wọ́n sì ní kí wọ́n má ta ike rẹ̀ kékeré yẹn lọ́jà mọ́.

Mọ́mì kì í fi nǹkan kan sí ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ alágbàtà ló ti ń rà á, kò sì mọ iye ọwọ́ tó ti gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní kí n kó o wá ní Sátidé, kí n fi sí ìparí lẹ́yìn tí a bá ti ṣe tàwọn oníbàárà tán. Mọ́mì fún mi ní náílọ́ọ̀nù dúdú márùn-ún láti inú àpò márùn-ún, ó so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọn kí n má bàa pò wọ́n. Mo lọ̀ wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n gbóná, torí dichlorvos tètè máa ń fò lọ. Mo wọn gíráàmù márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bu omi sí i, mo bu acetonitrile sí i, mo da iyọ̀ rẹ̀ sí i, mo gbọ̀n ọ́n, mo yí i nínú ẹ̀rọ ayí-bírí kó lè tòrò, mo wá tì í sẹ́nu abẹ́rẹ́.

Olówùú funfun, kò sí nǹkan kan. Aláwọ̀ ewé, kò sí. Dúdú àti búlúù, kò sí. Olówùú pupa, 221 dìde, 109 tẹ̀ lé e.

Mo fọ ẹ̀rọ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju 0.01 lọ dáadáa. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, torí àpò kan péré ni, ẹnì kan á sì gé e lọ pé bí gbogbo ẹ̀wà Èkó ṣe rí nìyẹn.

Àpò olówùú pupa yẹn ni mọ́mì ti ta kóńgò mẹ́wàá nínú rẹ̀ fún ìyá tó ń se ẹ̀wà àgànyìn ládùúgbò wa. Ìkòkò ìyá yẹn ni gbogbo òpópónà wa ti ń jẹun. Èmi náà jẹ níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn kí n tó lọ ibiṣẹ́, èmi àti búrẹ́dì Agége mi.

Nígbà tí mo délé, mọ́mì wo ojú mi, ó ní: "Èwo ni?"

Mo ní pupa ni.

"Ṣé ó máa pa èèyàn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ni ẹ̀rọ ti dákẹ́. Dichlorvos ń di iṣan ara lọ́wọ́: ó máa ń dá ohun tó yẹ kó paná ìròyìn inú iṣan dúró, tó bá sì pọ̀, èèyàn lè kú. Ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Àmọ́ 0.01 kì í ṣe ààlà ikú. Iye tí àwọn ará Yúróòpù máa ń fi lé oògùn tí wọn ò fẹ́ rí nínú oúnjẹ rárá ni. Tí ẹ bá fọ ẹ̀wà, tí ẹ sè é, tí ẹ da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú dichlorvos á bá omi àti oru lọ. Ẹ̀wà tútù ni mo yẹ̀ wò. Mi ò yẹ abọ́ àgànyìn wò. Mo ní: "Mọ́mì, mi ò lè sọ pé ó máa pa èèyàn. Mi ò sì lè sọ pé kò ní ṣe nǹkan kan."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: "Gbogbo owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ yẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti babaláwo."

Ó pe alágbàtà. Alágbàtà rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan náà ni gbogbo ẹ̀wà òun ti wá, ta ló ní kí ìyá máa gbé ẹ̀wà lọ sí ọsibítù? Kò gbà á padà. Owó àjọ ni mọ́mì fi ra àpò yẹn, kò sì tíì san án tán.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá ìyá àgànyìn. Mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé ìjà máa dé. Ìyá àgànyìn kàn ń ro ata nínú epo, ó ní: "Èyí tí wọ́n ti jẹ, kí ni kí n ṣe sí i?" Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tó ń da omi rẹ̀ nù kó tó gbé e kaná. Ó ní gáàsì òun ò tètè tán mọ́ báyìí, torí náà kó má ṣe mọ́mì bíi pé òun ń ṣe é nítorí rẹ̀.

Àpò olówùú pupa, mọ́mì tú u sórí tapólì nínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó bù díẹ̀ fún mi kí n tún gbé e lọ. 221 ti wálẹ̀. Kò tíì lọ. Mọ́mì ò tà á, kò dà á nù. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo sọ fún un pé àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ní Cameroon, lábẹ́ Larry Murdock, ní nǹkan bí 1987. Náílọ́ọ̀nù méjì wà nínú, àpò lásán wà níta. Ẹ dì í pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á dákẹ́. Kò sí oògùn kankan. Ó ti wà ní Nàìjíríà. Mọ́mì ní ó dáa, àmọ́ àgbẹ̀ tó wà lókè Ọya ló yẹ kó rà á. Kí ẹ̀wà tó dé Boundary, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i ti ṣẹlẹ̀.

Purdue yẹn náà ni Graham Cooks wà nígbà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé DESI jáde ní 2004: wọ́n ń fọ́n omi oníná náà sára nǹkan tààrà, kò sí lílọ̀, kò sí pípò. Ní 2005, Robert Cody àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé DART jáde: ẹ di nǹkan mú síwájú afẹ́fẹ́ helium gbígbóná, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ẹ̀rọ á sọ ohun tó wà lára rẹ̀. Facundo Fernández ní Georgia Tech ti fi irú wọn dá ayédèrú oògùn ibà mọ̀. Ẹ wo kọ̀ńténà oògùn tó ń gba Apapa wọlé, kí ẹ ronú sí i. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún mọ́mì, ojú rẹ̀ là. Ó ní: "Ká gbé ìyẹn wá Boundary." Mo ní ó ṣì nílò pọ́ǹpù, pọ́ǹpù náà ò sì gbọ́dọ̀ dúró tọ̀sán-tòru. Ó ní: "Iná wo?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀wà oníkòkòrò ni mọ́mì ń rà báyìí. Ó ń jọ̀ ọ́, ó ń ṣà á lọ́wọ́, ó ń tà á ní iye tó kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń pòṣé kọjá. Àwọn kan ti gbọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n ń wá. Àwọn ìyá ọjà yòókù náà ti gbọ́, wọ́n ń di ẹ̀wà sínú náílọ́ọ̀nù dúdú fún mi, wọ́n ń so òwú mọ́ ọn. Ọ̀gá ti ní ó tó, ẹ̀rọ kì í ṣe ti bàbá òun, ọkọ̀ ojú omi kì í sì í dúró de ẹnì kan.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè nípa ẹ̀rọ, kó bi mí nísàlẹ̀ níbí, màá dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun yẹ ẹ̀wà wò, kó má bínú. Náílọ́ọ̀nù mọ́kànlá ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.